Ọtí Kọ́, Àgbo Ni

Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ní kí n wá sọ bí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ṣe rí, torí àwọn kan nínú wọn ń rò ó bóyá káwọn kọ́ ọ. Mo ní orúnkún mi ò gbà kí n dúró sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́. Ó yá, ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbé fóònù sílẹ̀ ná. Mo mọ̀ yín dáadáa.

Morẹ́nikẹ́ lorúkọ mi. Ní ọsibítù, Madame Morẹ́ni ni wọ́n ń pè mí, ẹnu wọn ò gbé ìyókù. Èjìgbò ni bàbá mi ti wá, ṣùgbọ́n Ouaga, ní Burkina Faso níbí, ni wọ́n bí mi sí, nínú àgbàlá kan ní Dapoya tí a ti ń sọ Yorùbá nínú yàrá, tí a ń sọ Mooré, èdè àwọn Mossi, lẹ́nu ọ̀nà, tí a sì ń fi Faransé jà. Aṣọ ni bàbá mi ń tà. Ó rò pé èmi náà á ta aṣọ. Mo ní, "Bàbá, aṣọ kì í ṣàìsàn, kí ni màá máa bá a sọ?" Ó bínú fún oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó ra kẹ̀kẹ́ fún mi tí mo fi ń lọ sílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ àti ohun tí wọ́n ń san, ẹ jẹ́ ká fo ìyẹn. Ó tó jẹ, kò tó fi yangàn.

Ẹ̀ka àrùn ọkàn ni wọ́n gbé mi sí, ibẹ̀ ni mo sì wà títí mo fi fẹ̀yìn tì lọ́dún yìí. Àwọn tí ọkàn wọn dá wàhálà sílẹ̀ lójijì ni wọ́n ń gbé wá bá wa: ẹni tí àyà ń dùn bí ẹni pé wọ́n gbé odó lé e, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú tí kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ torí èémí, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń sáré tí kò sì mọ ibi tó ń lọ.

Olórí àwọn nọ́ọ̀sì níbẹ̀ ni Madame Rasmata. Obìnrin Mossi ni, Hájíà, ó ga, ó pẹ́lẹ́ńgẹ́, kì í pariwo. Bí inú bá bí i, ńṣe ni ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀. Haà, ohùn kékeré yẹn! Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn mi, mo máa ń wo èékánná mi, torí pé àràárọ̀ ló máa ń yẹ èékánná wa wò. Ó ní kí n máa ka lílù ọkàn aláìsàn fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Èmi, ọlọ́gbọ́n orí, mo máa ń ka ìdajì ìṣẹ́jú, màá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ọjọ́ tó mú mi, ó ní, "Morẹ́ni, ọkàn tó ń ṣàìsàn lè ṣe jẹ́jẹ́ ní ìdajì kan kó ya wèrè ní ìdajì kejì. Padà lọ kà á." Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà. Mo lọ sunkún nílé ìyàgbẹ́, mo nu ojú, mo tún padà wá kà á.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó tóbi jù ni bí a ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ ọtí. Ọtí àti ọkàn kì í ṣọ̀rẹ́. Ọtí àmujù ń sọ ẹran ara ọkàn di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó sì ń bá oògùn jà. Torí náà kò sẹ́ni tó máa wọlé tí a kò ní bi. Lọ́sẹ̀ mi àkọ́kọ́, mo bi bàbá arúgbó kan tó ti abúlé wá. Mo fi Faransé mi tó ń dán yẹn bi í bóyá ó ń mu "alcool", ìyẹn ọtí. Ó ní, "Rárá o, ọmọ mi, mi ò fẹnu kàn án rí." Mo kọ ọ́ sílẹ̀, inú mi dùn. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ rẹ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì dólò wá kí i, bàbá sì ti gbé igbá sẹ́nu kí n tó sáré débẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ dólò, ọtí ọkà bàbà tí àwọn obìnrin ń pọn, tí àwọn ènìyàn ń fi igbá mu lábẹ́ àtíbàbà. Mo figbe ta. "Bàbá! Ẹ ní ẹ kì í mutí!"

Ó wò mí bí ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. "Èyí? Dólò nìyí. Oúnjẹ ni."

Kò purọ́ o. Lójú tirẹ̀, "alcool" ni nǹkan tó ń bọ̀ nínú ìgò àwọn òyìnbó. Èyí tí ìyá rẹ̀ ń pọn kí wọ́n tó bí i, báwo ló ṣe máa jẹ́ alcool? Madame Rasmata ò bá mi wí. Ó mú mi lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, ó kó igbá mẹ́ta jáde, kékeré, alábọ́ọ́dé àti ńlá, ó gbé jọ́ọ̀gì ìwọ̀n tì í. Ó ní kí n bu omi sínú ìkọ̀ọ̀kan kí n sì wọ̀n ọ́n. Nígbà tí mo ṣe tán, ó ní, "Láti òní lọ, má bi ẹnikẹ́ni bóyá ó ń mutí. Bi í pé igbá wo. Bi í pé mélòó. Bi í pé ọjọ́ wo."

Obìnrin tí ọtí ò kan ahọ́n rẹ̀ rí láyé, ó mọ gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta dólò nílùú. Lọ́jọ́ ìsinmi, á gun mótò rẹ̀, ohun tí àwọn ará ilé ń pè ní ọ̀kadà, á máa kiri lọ kí àwọn tó ń pọn ọn, kó lè mọ bí igbá oníkálukú ṣe tóbi tó. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní Hamdalaye rí i níbẹ̀, wọ́n ní Hájíà ti ń mutí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi jáde lójú rẹ̀.

"Ọjọ́ wo" yẹn ńkọ́? Ìgbà tí birikilà kan dé lọ́jọ́ Ajé ni ìtumọ̀ rẹ̀ tó yé mi. Ọkàn rẹ̀ ń sáré kọjá bó ṣe yẹ. Ó fọ́nnu fún mi: "Ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀ ni mo ń mu, tàǹtí." Ọjọ́ wo? Ọjọ́ ìsinmi. Ìgò mélòó? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà. Ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tán, ó wá ń wo ọwọ́ tèmi. Mo yá a lọ́wọ́ kan. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹni tó bá kó ọtí ọ̀sẹ̀ kan dà sínú ọjọ́ kan, ọkàn rẹ̀ ò ní bi í bóyá ó sinmi fún ọjọ́ mẹ́fà. Àwọn bẹ́ẹ̀ pọ̀ débi pé a sọ wọ́n lórúkọ, a ń pè wọ́n ní "àwọn ọlọ́jọ́ Ajé".

Ó wá di pé mo mọ iṣẹ́. Ó di pé àwọn ọmọ tuntun ń bẹ̀rù èmi náà. Ẹ̀yin ọmọ, ìgbà téèyàn bá rò pé òun ti mọ̀ ọ́n tán ni kó di nǹkan mú.

Diákónì Akínwándé wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, gbogbo yín mọ̀ ọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ eléyìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ mi ò ní kọ ọ́, torí ohun tí a bá gbọ́ níbi iṣẹ́, ibẹ̀ la ń fi í sílẹ̀. Ó ní bí mo bá máa kọ ọ́, kí n má gbàgbé àwọn wáyà. Mi ò ní gbàgbé, Bàbá.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, oníṣẹ́ iná. Púpọ̀ nínú àwọn ilé ńlá àdúgbò Ouaga 2000 wọ̀nyẹn, òun ló fa iná sí wọn. Òun ló gbàdúrà lé mi lórí lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni wọ́n gbé e wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò lè mí dáadáa, àyà ń dùn ún. Èmi ni mo gbà á sílẹ̀. Mo bi í ní gbogbo ìbéèrè tó wà nínú fọ́ọ̀mù. Nígbà tí mo dé ibi ọtí, mo gbójú sókè wò ó. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló wàásù nípa ọtí, tó na ìka sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ló máa bi irú ènìyàn bẹ́ẹ̀? Ojú tì mí. Mo kọ "non", ìyẹn rárá, fúnra mi, mo ṣí ìwé sí ojú ewé kejì.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọwọ́ Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Òógùn bò ó. Ó ń pè mí ní orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú. Nígbà tó di ọ̀sán, ó rí wáyà lórí bùláńkẹ́ẹ̀tì. Wáyà tí kò sí o! Ó ń ṣà wọ́n, ó ń tú wọn, ó ń kígbe pé, "Ẹ pa iná! Ẹ pa iná, ó máa gbé yín!" Ó fa abẹ́rẹ́ omi yọ lápá, ó fẹ́ gba ojú fèrèsé jáde lọ pa iná gbogbo àdúgbò. Èèyàn mẹ́rin la fi dá a dúró. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, òun náà ń rẹ́rìn-ín báyìí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ọkàn rẹ̀ ń sáré débi pé ẹ̀rọ ń han lórí rẹ̀ láìdákẹ́, a sì mọ̀ pé kò lè pẹ́ kó tó rẹ̀ ẹ́.

Dókítà gbé fáìlì. "Ṣé ó ń mutí?" Ó kà á: "Non." Ó dá fáìlì padà, ó ń wá ìdí mìíràn. Bóyá ibà ni, bóyá ọpọlọ ni, ó ní kí wọ́n múra àtigbé e lọ ya fọ́tò orí. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti dé, wọ́n ní ogun ọ̀tá ni, wọ́n ń gbàdúrà. Àkókò ń lọ.

Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀, Ìyá Títí, ti fà mí lápá. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin lẹ fa gbogbo èyí. Ẹ ní ká má gbé nǹkan wá láti ilé. Bàbá ò rí àgbo mu láti ọjọ́ mẹ́ta. Àgbo yẹn ló ń gbé e ró!"

"Àgbo wo, mà?"

"Ti jẹ̀díjẹ̀dí. Ife kan láàárọ̀, ife kan lọ́sàn-án, ife kan kó tó sùn. Ó ti lé lógún ọdún."

Ó fa ìgò kan yọ láti inú báàgì. Mo ṣí i. Haà! Òórùn yẹn gbá mi nímú, omi bọ́ lójú mi.

"Ìyá Títí, ọtí nìyí!"

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ọtí kẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ọtí kọ́, àgbo ni. Ọtí la kàn fi rẹ ẹ́."

Ògógóró ni, èyí tí àwọn ará Benin ń pè ní sódábì. Èmi tí mo ti ń fi bàbá arúgbó yẹn àti dólò rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ fún àwọn ọmọ tuntun láti ọdún gbọọrọ! Ọmọ Yorùbá ni mí, wọ́n fi àgbo wẹ̀ mí, wọ́n fi rọ mí, bí ẹnikẹ́ni nínú ilé ìwòsàn yẹn bá yẹ kó mọ̀ pé àgbo máa ń wà nínú ọtí, èmi ni. Ara tí ọtí ti mọ́ lára láràárọ̀, bí ẹ bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, á gbọ̀n, orí á dàrú, ọkàn tó ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ á wá gba ẹrù tí kò lè rù.

Mo gbé ìgò náà sáré lọ bá dókítà. Madame Rasmata wà níbẹ̀. Dókítà gbọ́ òórùn rẹ̀, ó pàṣẹ abẹ́rẹ́ tó ń mú ara rọlẹ̀ àti fítámìnì lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé fáìlì sókè. "Ta ló kọ 'non' yìí?"

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ. Irọ́ ti dé eyín mi. Ó rọrùn: kí n ní aláìsàn ló sọ bẹ́ẹ̀. Ta ló máa bi í? Bàbá ń tú wáyà lọ́wọ́. Mo wo Madame Rasmata. Mo ní, "Èmi ni. Mi ò bi í rárá. Ojú ló tì mí."

Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Kí ló dé tí ojú fi tì ọ́?"

"Diákónì wa ni. Òun ló gbàdúrà fún mi nígbà ìgbéyàwó."

"O bọ̀wọ̀ fún oyè rẹ̀," ó ní, "o fẹ́ jẹ́ kí ara rẹ̀ kú."

Kò tún bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ì bá sàn kó gbá mi létí. Mo dúró ti bẹ́ẹ̀dì Bàbá, mo ń ka lílù ọkàn rẹ̀, ìṣẹ́jú kan gbáko, mo tún kà á, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ́ kí ojú tó ń tì mí pa ọkọ ọlọ́kọ. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní parọ́ fún yín. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, kíkà náà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, àwọn wáyà ti kúrò lórí bùláńkẹ́ẹ̀tì. Bàbá la ojú, ó béèrè ohun tí gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ dáadáa, mo jókòó tì í. Mo ní, "Bàbá, ẹ foríjì mí, ìbéèrè kan wà tí mi ò bi yín." Mo bi í.

"Ọmọ mi, àgbo ni."

"Àgbo inú ọtí ni, Bàbá."

"Ṣé Ọlọ́run náà á pè é lọ́tí?"

"Dókítà ti pè é bẹ́ẹ̀ ná, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín, ó di àyà mú, mo ní kó rọra. Láti ìgbà yẹn, omi ni Ìyá Títí fi ń rẹ àgbo, ó sì ń ráhùn fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé kò lágbára mọ́.

Ìjìyà tèmi? Fún oṣù kan, gbogbo aláìsàn tó bá ní oyè, èmi ni mo gbọ́dọ̀ bi ní ọ̀rọ̀ ọtí, kí Madame Rasmata dúró sẹ́yìn mi. Pásítọ̀, ọ̀gá ọlọ́pàá, olùkọ́ tó kọ́ mi ní ìwé kejì. Òógùn ń bọ́ lára mi. Ìmáàmù kan gbọ́ ìbéèrè náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Barka, o ṣé, ọmọ mi! Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ẹni tó máa bi mí, kí n lè fi gbogbo ẹnu sọ pé rárá." Ọ̀gá ọlọ́pàá ní kí n ti ilẹ̀kùn kọ́kọ́, ó wá sọ òtítọ́. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tí ojú ń tì kò ní béèrè. Nígbà tí oṣù náà pé, mo ra ife onírọ́bà kan, irú èyí tí Ìyá Títí ń lò, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá mẹ́ta yẹn. Bí Yorùbá bá wọlé, mi ò ní bi í bóyá ó ń mutí mọ́. Màá ní, "Kí ló ti gba ọ̀nà ọ̀fun yín kọjá láti àárọ̀? Àgbo ńkọ́? Kí lẹ fi rẹ ẹ́?" Ẹ̀yin ò mọ iye diákónì tó wà nílùú yìí.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ya iṣẹ́ ọkàn sórí bébà ní rọ́bà tó ń fa àyà mú, gbogbo aláìsàn á ní àmì róbótó róbótó láyà bí ẹni tó bá ẹja òkun jà. Báyìí, bébà pẹlẹbẹ tó ń lẹ̀ mọ́ ara ni. Èyí tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ọwọ́ la fi ń fún un, etí la fi ń gbọ́ ọ. Nísinsìnyí ó ń wú fúnra rẹ̀, ó sì ń dún pííì. Mi ò bínú sí i, etí mi náà ti di arúgbó. Fọ́ọ̀mù ti kúrò nínú ìwé, ó wà nínú fóònù pẹlẹbẹ ńlá kan, ó sì ń béèrè "ife" mélòó. Ife wo? Ta ló ń fi ife mu dólò? Mo sọ fún wọn, wọ́n ní "d'accord, Madame Morẹ́ni", pé àwọn ti gbọ́, wọn ò sì yí nǹkan kan padà.

Ọ̀sẹ̀ tí mo máa fẹ̀yìn tì, Bàbá Diákónì wá fún àyẹ̀wò rẹ̀. Ó ti dàgbà, irun rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè kí gbogbo ènìyàn. Dókítà fẹ́ fún un ní oògùn tuntun kan tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ó sì ti kìlọ̀ fún wa pé ọtí àti oògùn yẹn kò gbọ́dọ̀ pàdé láìjẹ́ pé òun mọ̀, torí ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú ara láìdúró. Aïcha, nọ́ọ̀sì tó máa gba ipò mi, ló ń bi í ní ìbéèrè. Èmi jókòó sí kọ̀rọ̀, iṣẹ́ mi ti tán, mo ti pinnu pé mi ò ní dá sí i.

"Alcool, tọ́ńtọ́ọ̀?" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe àgbà ọkùnrin níbí.

"Non," ni Bàbá wí, pẹ̀lú ohùn orí àga ìwàásù.

Aïcha tẹ̀ ẹ́, ó kọjá sí ìbéèrè tó kàn. Ahọ́n mi ń yún mi. Mo di ẹnu mú. Mo ní nínú ọkàn mi, Morẹ́nikẹ́, bí o bá béèrè fún un lónìí, ta ló máa bá a béèrè lọ́jọ́ Ajé? Ṣùgbọ́n bí kò bá béèrè, tí oògùn yẹn bá bá nǹkan pàdé níkùn Bàbá ńkọ́? Mo ti fẹ́ dìde.

Bàbá ló wúkọ́. Ó ti dáhùn ìbéèrè méjì mìíràn. Ó kọjú sí mi, ó kọjú sí ọmọbìnrin náà.

"Ọmọ mi," ó ní, "padà sẹ́yìn. Tún ti ọtí yẹn bi mí. Bi mí dáadáa."

Aïcha gbójú sókè. Lẹ́yìn náà ó gbé fóònù ńlá náà sílẹ̀, ó gbé ife onírọ́bà yẹn láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé e síwájú Bàbá. Mi ò kọ́ ọ ní ìyẹn o. Ó ti ń rí bí mo ṣe ń ṣe é ni.

"Eléyìí mélòó, tọ́ńtọ́ọ̀? Ọjọ́ wo?"

Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀. "Kò kún. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Níbi ìkómọ ọmọ Títí, lọ́jọ́ Sátidé."

Láti ẹ̀yìn kọ́tíìnì, níbi tó jókòó sí tó ń dúró de ọkọ rẹ̀, ni Ìyá Títí ti dáhùn, kò tilẹ̀ dìde:

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni, nọ́ọ̀sì! Ó sì kún! Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀!"

Aïcha kọ ọ́: méjì, ó kún. Ó ké sí dókítà kó tó fọwọ́ kan oògùn náà.